Ọ̀lẹ, Wọ̀bìà àti Ẹ̀rí Ọ̀rá Ara: Àgbéyẹ̀wò Ìdájọ́ Kan ní Ìbàdàn

Ìdájọ́ méjì ni àwùjọ sábà máa ń ṣe fún ẹni tí ó sanra. Èkíní ni pé ayé ń yẹ ẹ́; èkejì ni pé ọ̀lẹ tàbí wọ̀bìà ni. Ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrúnkà, ìyá ọlọ́jà tí ó jókòó ti igbá rẹ̀ láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni èkejì yìí tètè máa ń bá. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni bóyá ẹ̀rí gbe ìdájọ́ náà lẹ́sẹ̀.

Ní 1994, Jeffrey Friedman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York kéde àbùdá àjogúnbá tí ó ń pèsè leptin. Inú ọ̀rá ara gan-an ni họ́mónù yìí ti ń jáde. Ẹ̀jẹ̀ a gbé e dé ọpọlọ, láti jíṣẹ́ bí àká ti kún tó. Bí ọ̀rá bá dín, leptin a dín, ebi a le sí i, ara a sì máa ṣọ́ agbára ná. Àwọn onímọ̀ ará Japan rí ghrelin ní 1999. Inú ikùn ni ó ti ń wá, òun ni ó sì ń ta ebi jí. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Họ́mónù méjèèjì gbè wọ́n lẹ́yìn: ebi kì í ṣe ìwà lásán.

Ní 1998, Amy Luke, Charles Rotimi, Richard Cooper àti àwọn mìíràn fi leptin wé ọ̀rá ara láàárín àwọn ará Nàìjíríà, Jàmáíkà àti àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà. Bí ọ̀rá ti ń pọ̀ ni leptin ń pọ̀, ti obìnrin sì ju ti ọkùnrin lọ. A jẹ́ pé ìránṣẹ́ ẹni tí ó sanra kò sọnù. Ó ń ké. Ọpọlọ ni kì í fi bẹ́ẹ̀ dá a lóhùn.

Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún gbé iṣẹ́ mìíràn jáde ní 2009, lórí àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà àti àwọn adúláwọ̀ obìnrin ní Maywood, lẹ́bàá Chicago. Omi tí a fi àmì sí ni wọ́n mu, kí a lè mọ iye agbára tí ara wọn ń ná. Bí i 7 nínú 100 ni ó sanra jù láàárín ti Nàìjíríà, bí i 50 nínú 100 ní Maywood. Síbẹ̀, nígbà tí a ro ti ìtóbi ara mọ́ ọn, ìnáwó agbára wọn dọ́gba. Ẹni tí ó ń ná díẹ̀ kò sì sanra ju ẹlòmíràn lọ lẹ́yìn náà. Ẹ̀sùn ọ̀lẹ kò rí ẹlẹ́rìí níbí.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ní ààlà. Agbára tí ara ń ná ni ó wọ̀n. Ẹni tí ó bá ti ibẹ̀ fò sí i pé oúnjẹ nìkan ni ó jẹ̀bi ti sọ àbá di ẹ̀rí, ó sì ti fi wọ̀bìà rọ́pò ọ̀lẹ. Bákan náà, obìnrin ìgbèríko kì í ṣe obìnrin Bẹyẹrúnkà, tí ń gbé àárín ìgboro, tí búrẹ́dì àti ohun dídùn sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lóòótọ́, gígun òkè Mápó a máa ṣe ọkàn lóore, ó sì yẹ kí a gbà á nímọ̀ràn. Kò yẹ kí a sọ ìmọ̀ràn náà di ìjìyà fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a kò fi hàn pé ó dá. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ìyá ọlọ́jà Ọjà'ba lẹ́jọ́, òun gan-an ni kí ó kọ́kọ́ gbé lé ìwọ̀n.