Odò àti Òkè nínú Àwòrán Ilẹ̀ Tolkien

Ẹni tí ó bá ṣí ìwé The Lord of the Rings, èyí tí J. R. R. Tolkien kọ, tí ó sì jáde ní ọdún 1954 àti 1955, yóò bá àwòrán ilẹ̀ pàdé nínú rẹ̀. Christopher, ọmọ òǹkọ̀wé náà, ni ó yà á. Ilẹ̀ náà kò sí láyé yìí. Síbẹ̀ òǹkàwé a máa gbà á gbọ́ bí ẹni pé ó ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ rí.

Omi ni ó fa èyí. Láti òkè ìhà àríwá ni odò ńlá Anduin ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ń gba odò kéékèèké mọ́ra lọ́tùn-ún lósì títí ó fi wọ òkun ní gúúsù. Ọmọ ilé-ìwé tí a bá ní kí ó ya ilẹ̀ àròsọ, àfàìmọ̀ kí ó má fa odò láti etí òkun kan dé etí òkun kejì, tàbí kí ó là á sí méjì ní àárín ilẹ̀, bí ẹni pé omi kì í wá ibi tí ó rẹlẹ̀. Odò a máa pàdé odò, bí Bẹ́núé ti ń pàdé Ọya ní Lọ́kọ́ja. Ìyapa kò wọ́pọ̀, àfi níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ létí òkun.

Ní Mordor, odò mélòó kan ń ṣàn sínú adágún Núrnen, adágún náà kò sì rí ibi gbà jáde. Ẹni tí ó bá pe èyí ní àṣìṣe kò rántí adágún Ṣáàdì. Odò Ṣárì ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí odò kankan tí ó ń gbé omi rẹ̀ dé òkun. Oòrùn ni ó ń fà á, ilẹ̀ sì ń mu nínú rẹ̀.

Ibi òkè ni ọwọ́ ti yẹ̀. Òkè tí ó yí Mordor ká ní ìhà mẹ́ta ṣẹ́ igun bí ògiri àgbàlá. Ilẹ̀ tí ó ká jọ di òkè a máa wọ́ lọ gbọọrọ, kì í ṣẹ́ bí igun ilé. Ìtàn ni ó ń fẹ́ odi. Ayàwòrán sì mọ odi fún un.

Àmọ́ James Rennell kì í ṣe aláròsọ, òun náà sì ya Òkè Kong gbọọrọ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1798. Ó bá èrò rẹ̀ mu pé Ọya kò dé òkun gúúsù. Richard àti John Lander bá Ọya dé òkun ní 1830. Òkè náà kò kúrò nínú àwòrán. Ìrìn àjò Louis-Gustave Binger, láti 1887 dé 1889, ni ó fi hàn pé kò sí irú òkè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.