Fela Ṣówándé, Ọ̀gá Onídùùrù

Ọwọ́ nìkan kọ́ ni a fi ń tẹ dùùrù ńlá ṣọ́ọ̀ṣì; bí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́ lókè, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀. J. S. Bach, ọmọ Jámánì tó kú ní 1750, ni àwòkọ́ṣe gbogbo onídùùrù. Láàrin àwa Yorùbá, Fela Ṣówándé ni mo kan sáárá sí jù.

Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Àlùfáà Áńgílíkà ni bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ̀ T. K. Ekundayo Phillips, onídùùrù Kàtídírà Krístì l'Ékòó, ló ti kọ́ iṣẹ́. Ó kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì gba FRCO, oyè ńlá àwọn onídùùrù, ní 1943.

Ẹ gbọ́ "Oyígíyigì" rẹ̀. Ohùn orin Yorùbá kan ló gbé ka orí dùùrù, tó ń dá a lárà lóríṣiríṣi, síbẹ̀ tí orin náà kò sọnù. Ní 1944 ló kọ "African Suite" fún àwọn ohun-èlò olókùn. Ilé-iṣẹ́ Decca gbé e sórí àwo, rédíò Kánádà sì fi "Akinla", apá ìparí rẹ̀, ṣe orin ìdánimọ̀ ètò kan fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ṣówándé kú ní Amẹ́ríkà ní 1987, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lórí àwo. Ẹ̀yin onídùùrù àti akọrin ìlú Ọ̀fà, ẹ wá a gbọ́, kí ẹ sì fi kọ́ àwọn ọmọ yín. Ìjàkadì ni ayé fi mọ Ọ̀fà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dùùrù mọ̀ ọ́n pẹ̀lú.