Àtakò láàárín Ìṣẹ̀lẹ̀ àti Ìparí Ìtàn nínú Géèmù Mass Effect 3

Ìfáàrà

Mass Effect 3, tí ilé-iṣẹ́ BioWare ti ilẹ̀ Kánádà gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 2012, ni ó kádìí ìtàn àròsọ ajẹmọ́-sáyẹ́ǹsì alápá mẹ́ta tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2007. Òṣeré, ìyẹn ẹni tí ó ń gbá géèmù náà, ni ó ń pinnu ìṣe Shepard, olú ẹ̀dá-ìtàn. Ìpinnu apá kìn-ín-ní a sì máa tẹ̀ lé e dé apá kẹta. Ọ̀pọ̀ òṣeré fi ẹ̀hónú hàn sí ìparí rẹ̀. Àwọn kan ní kò yé àwọn. Àwọn mìíràn ní ìpinnu àwọn kò já mọ́ nǹkan kan. Àbùkù tí ó jinlẹ̀ jù lọ ni pé ìparí náà tako ẹ̀rí tí ìtàn fúnra rẹ̀ ti kó jọ.

Ẹ̀rí láti Rannoch

Àwọn quarian ni ó ṣe geth, ẹ̀rọ tí yóò máa sìn wọ́n. Nígbà tí ẹ̀rọ wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bóyá àwọn ní ọkàn, quarian gbìyànjú láti pa wọ́n run. Geth gbèjà ara wọn, wọ́n sì lé quarian kúrò ní Rannoch, ilé wọn. Nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn náà, Shepard lè là wọ́n níjà. Ìlàjà yìí kò rọrùn: òṣeré tí kò bá ti fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní apá kejì yóò pàdánù ọ̀kan nínú ìran méjèèjì. Fún ẹni tí ó bá ṣàṣeyọrí, geth tún ń ran quarian lọ́wọ́ láti padà gbé orí ilẹ̀ wọn.

Ìdájọ́ láìsí ẹlẹ́rìí

Ní ìparí, Catalyst yọ sí Shepard ní àwòrán ọmọdé. Ó ní ẹ̀rọ kò ní í ṣàì dìtẹ̀ mọ́ ẹni tí ó ṣe é. Nítorí náà ni àwọn Reaper ṣe ń pa àwọn ọ̀làjú run ní ìwọ̀n 50,000 ọdún síra wọn. Ọ̀nà mẹ́ta ni ó là sílẹ̀: kí a pa gbogbo ẹ̀rọ abẹ̀mí run, kí a jọba lórí Reaper, tàbí kí a da ẹ̀dá ẹlẹ́ran-ara àti ẹ̀rọ pọ̀. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Shepard tí ó ti Rannoch bọ̀ kò lè mẹ́nu kan ohun tí ó fojú rí níbẹ̀. Èyí tí ó tún burú ni pé bí ó bá yan ọ̀nà kìn-ín-ní, geth tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ là níjà yóò bá a lọ. Gbogbo làálàá òṣeré ti di òǹkà agbára ogun, òǹkà yìí ni ó sì ń sọ iye ọ̀nà tí yóò ṣí sílẹ̀ fún un.

A lè jiyàn pé àlàáfíà Rannoch kò tí ì pẹ́ tó láti já Catalyst nírọ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú ìtàn gan-an ni ó yẹ kí a ti ja iyàn yìí. Àfikún tí BioWare gbé jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2012 fi àtubọ̀tán ọ̀nà kọ̀ọ̀kan hàn, ó sì fún Shepard láǹfààní láti kọ gbogbo wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Reaper ni yóò borí bí ó bá kọ̀. Kíkọ̀ yàtọ̀ sí jíjẹ́rìí.

Ìkádìí

Kì í ṣe iye ọ̀nà tí géèmù là sílẹ̀ ni ó yẹ kí lámèyítọ́ fi wọn irú iṣẹ́ báyìí. Ohun tí ó yẹ kí a wò ni bóyá ìtàn náà rántí ohun tí òṣeré ṣe nígbà tí ó fẹ́ sọ ìtumọ̀ ara rẹ̀. Mass Effect 3 rántí ní Rannoch. Ó gbàgbé ní ìparí.