Owó Amẹ́ríkà àti Eré Òṣogbo

Ní 1950, nígbà tí Rọ́ṣíà di apá kan ìlú Berlin mú, tí Amẹ́ríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì wà ní apá kejì, ni a dá ẹgbẹ́ Congress for Cultural Freedom sílẹ̀ níbẹ̀, láti fi ìwé àti iṣẹ́ ọnà bá ìjọba Rọ́ṣíà jà. Ẹgbẹ́ yìí ni ó wá ń fún Mbari ti Ìbàdàn lówó, àti ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus tí Ulli Beier àti Janheinz Jahn, ọmọ Jámánì méjèèjì, dá sílẹ̀ ní 1957. Ní 1967 ni àṣírí tú pátápátá pé owó CIA ni.

Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń fojú ìránṣẹ́ Amẹ́ríkà wo gbogbo ohun tí ó ti ibẹ̀ jáde. Èmi kò gbà. Ọba Kò So ti Dúró Ládipọ̀, èso Mbari Mbayọ̀ ní Òṣogbo, dé Berlin ní 1964, nígbà tí ògiri ti la ìlú náà sí méjì. Kí ni àwọn ará ibẹ̀ rí? Ọba tí ó fi Tìmì àti Gbọ́nkáà kọlu ara wọn kí ọkàn tirẹ̀ lè balẹ̀, tí ọ̀ràn náà sì padà sí òun fúnra rẹ̀ lọ́rùn. Èwo nínú àwọn alágbára méjèèjì ni ó lè fi èyí polówó ara rẹ̀?

Ẹ̀sùn tèmi ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni Black Orpheus fi ń sọ̀rọ̀ wa. Ní ti owó, Bándélé, ọmọ Àreògún ti Ọ̀sì, gbẹ́ ère fún àwọn Àgùdà ní Ọyẹ́-Èkìtì. Owó ìjọ ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọ̀sì ni a ń rí lára igi náà.