256: Iye Odù àti Ipò Àgbà

Ó ti sú mi láti máa kà nínú iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wa pé Ifá ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́. Ẹ̀rí wọn kò ju ọ̀kan lọ: odù jẹ́ 256, bí a bá sì sọ ọ̀kan di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹjọ, 256 la ó bá. Wọ́n á wá fa Leibniz yọ, ẹni tó kọ̀wé lórí òǹkà oníméjì ní 1703, bí ẹni pé iyì babaláwo kò pé àfi tí òyìnbó bá jẹ́rìí sí i.

Ìṣirò náà tọ̀nà, àmọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ẹ wo ọwọ́ babaláwo ní Òkèrèwè, ní Ifẹ̀. Ikin 16 wà lọ́wọ́ òsì. Ó fi ọ̀tún gbá wọn. Bó bá ku ẹyọ kan, ìlà méjì ló ń tẹ̀ sínú ìyẹ̀rosùn. Bó bá ku méjì, ìlà kan. Bí kò bá jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì, kò kà á. Ó di ìgbà mẹ́jọ, ọ̀tún ń ṣáájú òsì, odù pé lójú ọpọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wá ka ìlà. Ogbè Méjì ní 8, Ọ̀yẹ̀kú Méjì ní 16. Odù tó ní ìlà 12 jẹ́ 70, kò sì sí iye ìlà mìíràn tí odù rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ (ìyẹn ìdajì odù, ọ̀tún tàbí òsì) mẹ́fà ló ní ìlà 6: Ìwòrì, Òdí, Ìrosùn, Ọ̀wọ́nrín, Ọ̀ṣẹ́ àti Òfún, bí wọ́n ṣe ń so pọ̀ mọ́ra wọn jẹ́ 36. Ògúndá, Ọ̀sá, Òtúrá àti Ìrẹtẹ̀ ní 5. Ọ̀bàrà, Ọ̀kànràn, Ìká àti Òtúrúpọ̀n ní 7. Ìsopọ̀ àwọn tó ní 5 mọ́ àwọn tó ní 7 mú 32 wá. Ogbèyẹ̀kú àti Ọ̀yẹ̀kú-Logbè ló sọ ọ́ di 70.

Méjì ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹsẹ̀ kan náà ló bí wọn, síbẹ̀ odù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ẹsẹ Ifá àti ẹbọ wọn kò papọ̀. Ká ní ẹni tó wà lọ́tùn-ún kò jọ wá lójú ni, 136 péré ni odù ì bá jẹ́: ojú odù 16 àti ìdajì àmúlù 240. Ipò ló sọ wọ́n di 256.

Ibẹ̀ sì ni ìṣirò ti fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ àgbà. William Bascom, tó ṣèwádìí ní Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, tó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1969, jẹ́ kó yé wa pé ètò Ifẹ̀ fi Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn ṣáájú Ìrosùn àti Ọ̀wọ́nrín. Ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn fi Ìrosùn ṣáájú. Bí a bá ń fi ìbò bèèrè bóyá ire ni àbí ibi, tí babaláwo sì da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 65,536 ni ọ̀nà tí odù méjì náà lè gbà tẹ̀ léra. Èyí tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n nínú méjèèjì ló ń pinnu ìdáhùn. Bí Ìrosùn-Ìká bá yọ, tí Ọ̀bàrà-Ìká tẹ̀ lé e, Ifẹ̀ á ní ìkejì lẹ̀gbọ́n. Ìlú mìíràn á ní àkọ́kọ́ ni. Iye kan náà, ìdájọ́ ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá tún fẹ́ kọ 256 sílẹ̀, kó kọ ìlú tí ètò odù rẹ̀ ti wá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.