Omele Láìsí Ìyáàlù: Lámèyítọ́ lórí Ohùn Ààyò nínú Orin Ijó Ẹlẹ́rọ

Èrò kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tí ń kọ̀wé nípa orin ijó ẹlẹ́rọ, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní trance, tí ó gbòde ní ìlú Frankfurt ní ilẹ̀ Jámánì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Èrò náà ni pé ìlù tí ó bá ń dún ní ìdọ́gba láìdáwọ́ dúró lè gba ọkàn ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀, àti pé ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí oníjó inú gbọ̀ngàn àti sí ẹlẹ́gùn Ṣàngó nígbà tí bàtá bá wọ̀ ọ́ lára. Èrò yìí kò ṣàìní alátìlẹ́yìn. Ní 1962, Andrew Neher kọ̀wé pé ìró ìlù lè darí iṣẹ́ ọpọlọ ní tààrà. Ṣùgbọ́n Gilbert Rouget, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ta kò ó nínú La musique et la transe ní 1980. Lójú Rouget, kì í ṣe agbára ìró ni ó ń gbé ènìyàn, bí kò ṣe ìtumọ̀ tí ìró náà ní fún ẹni tí a tọ́ dàgbà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Yorùbá gan-an ni ẹ̀rí tí ó gbe Rouget lẹ́sẹ̀ wà. Bàtá kan náà tí ń pe ẹlẹ́gùn ni Dúró Ládiípọ̀ gbé sórí ìtàgé nínú Ọba Kò So, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Òṣogbo ní 1963, tí wọ́n sì gbé lọ sí Berlin ní 1964. Igi kan náà ni, awọ kan náà, bílálà kan náà. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó retí pé kí Ṣàngó gun òǹwòran ará Berlin. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni adóṣù tí ìlù lè pè, tí ó mọ oríkì tí ìlù ń kì, tí ó sì gbà pé òun ni wọ́n ń bá wí.

Ètò agbo bàtá fúnra rẹ̀ fi ìyàtọ̀ mìíràn hàn. Omele akọ àti kúdi ni í di ilẹ̀ mú. Wọn a máa tún ohun kan ṣoṣo wí títí yóò fi rẹ oníjó. Ìyáàlù ni ó lómìnira. Òun, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ omele abo, ni í sọ̀rọ̀, tí í pòwe, tí í búni, tí í sì í dákẹ́ nígbà tí ó bá wù ú. Amanda Villepastour fi hàn nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2010 pé ọ̀rọ̀ náà ní ẹnà tirẹ̀, èyí tí onílù fi ń sọ ìró èdè di ìró ìlù. Bàtá ń kólòlò lóòótọ́ bí a bá fi wé dùndún, ṣùgbọ́n akólòlò tí ó mọ ohun tí òun ń wí ni.

Bí ènìyàn bá fi ìwọ̀n yìí wọn orin trance, omele láìsí ìyáàlù ni yóò rí. Ìlù ńlá inú ẹ̀rọ Roland TR-909, tí wọ́n gbé jáde ní 1983, tí í dún lẹ́ẹ̀mẹrin mẹ́rin láìyẹsẹ̀, omele ni. Kì í ṣe àbùkù pé kí omele dára. Àbùkù ni kí á máa fi oríkì ìyáàlù kì í.

Ohùn kan wà, síbẹ̀, tí kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí bẹ́ẹ̀. Láàárín 1981 sí 1984 ni ilé iṣẹ́ Roland ṣe ẹ̀rọ kékeré kan, TB-303, kí ó lè máa lu gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ fún onígìtá tí kò ní ẹgbẹ́. Kò dún bí gìtá rárá. Ọjà rẹ̀ kùtà, ó sì di tòkunbọ̀ olówó pọ́ọ́kú. Àwọn ọ̀dọ́ Chicago tí ń jẹ́ Phuture rà á, wọ́n ń yí bọ́tìnì rẹ̀ bí ó ti ń dún lọ́wọ́, wọ́n sì fi ṣe Acid Tracks, tí ó jáde ní 1987. Láti ìgbà náà ni ó ti di ààyò. Ohun tí ó sọ ọ́ di ààyò ni pé ohùn rẹ̀ ń yọ́ láti orí ìró kan bọ́ sí èkejì, ó sì ń là, ó ń pa dé bí ẹnu. Ẹni tí èdè rẹ̀ fi ohùn nìkan ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀ kò lè gbọ́ irú ìró bẹ́ẹ̀ kí ó má rò pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀. Bí onídùndún ti ń fún ọṣán tí ó sì ń tú u sílẹ̀ gan-an ni. Ẹ̀rọ náà ní ohùn. Èdè ni kò ní. Bí Yorùbá bá gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, Yorùbá ni ó fi síbẹ̀, bí àwọn ọmọdé ti í fún gbogbo ìlù ní ọ̀rọ̀ tiwọn.

Ohùn kejì tí àwọn olólùfẹ́ trance ń yìn, ti Roland JP-8000 ọdún 1996, kò gba àlàyé púpọ̀. Ìró méje tí wọn kò bára mu tán ni wọ́n tò lé ara wọn. Ó kún etí, ó sì tètè ń súni.

Ọba jùjú, Sunny Adé, ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò nílé kí trance tó dé. Nínú Synchro System ní 1983, síntẹ̀sáísà wà, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó dúró sí. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ ni ó ń darí agbo, gìtá onírin Démọ́lá Adépọ̀jù sì ń yọ́ ohùn gba àárín wọn kọjá. Nínú Aura, ní 1984, ẹ̀rọ ìlù bọ́ síwájú. Ìlù tí ń sọ̀rọ̀ kò kúrò, ṣùgbọ́n ó dà bí àlejò tí ń wá ibi tí yóò ti dá sí ọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tí ó fẹjú ni Aura. Synchro System ni ó jinlẹ̀.

Ní Ajíbọ́dẹ, ní ẹ̀yìn Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gba ilẹ̀ oko, kì í ṣe trance ni sípíkà ń gbé jáde ní òpin ọ̀sẹ̀. Amapiano láti Gúúsù Áfíríkà ni, pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní log drum, òun náà tí ń dún bí igi tí ó sì ń yọ́ bí dùndún. Kò yani lẹ́nu pé ó tètè ríbi jókòó sí. Nínú Mr. Money With the Vibe tí Asake gbé jáde ní 2022, ègbè tí ó fara pẹ́ ti fújì ni ó wà lórí log drum náà: ẹnu ènìyàn gba ipò ìyáàlù, ẹ̀rọ sì padà sí ipò omele. Ètò agbo àtijọ́ ni wọ́n tún tò, yálà wọ́n mọ̀ tàbí wọn kò mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti bàtá tí wọ́n ti gbà sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n a gé ìlù sí wẹ́wẹ́, ìró ojú òjò lọ́tọ̀, ìró ṣáṣá lọ́tọ̀, ẹni tí ó bá rà á a sì tò ó bí ó ti wù ú. Ohun tí ó tò lè bú ẹni ẹlẹ́ni, ó sì lè ki òrìṣà tí kò mọ̀. Onílù tí ó fi ìgbà èwe kọ́ ẹnà bàtá lẹ́sẹ̀ bàbá rẹ̀ kò gba nǹkan kan nínú ọjà náà, lámèyítọ́ tí ó bá sì kéde pé bàtá àti TR-909 kò yàtọ̀ ń bá olùtajà polówó ni. Kí wọ́n tó tún fi ẹlẹ́gùn wé oníjó gbọ̀ngàn, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé irú àtòpọ̀ bẹ́ẹ̀ tọ ọmọ Àyàn kan lọ, kí ó sọ ohun tí ó gbọ́.