Ìsọ̀ ni i3 ń fi pamọ́, kì í ṣe ẹrù

Tí mo bá ń tún ìwé kọ, ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń pín ojú kọ̀ǹpútà mi sí: ìwé àtijọ́ lápá òsì, èyí tí mò ń kọ lápá ọ̀tún, ìwé atúmọ̀ èdè lábẹ́ rẹ̀. Ní Akínmọ́rìn níbí, iná kì í dúró dìgbà tá a bá parí kó tó lọ, bátìrì kọ̀ǹpútà mi sì ti gbó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fífi ìtò ojú kọ̀ǹpútà pamọ́ fi jẹ mí lógún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà.

i3 ni mò ń lò. Michael Stapelberg, ará Jámánì, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2009. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa to fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà; window manager ni wọ́n ń pe irú rẹ̀. Kò wúwo, kọ̀ǹpútà tó ti dàgbà náà lè gbé e. Láti ẹ̀dà 4.8, tó jáde ní 2014, ó ní ọ̀nà tó fi ń pa ìtò mọ́: i3-save-tree á kọ bí àwọn fèrèsé ṣe jókòó sínú fáìlì, append_layout á sì gbé e kalẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Ṣùgbọ́n tí ẹ bá pe ìtò náà padà, fèrèsé òfìfo ló máa kọ́kọ́ yọ, bí ìsọ̀ tí ẹni tó ni ín ò tíì dé ọjà. Ẹ̀yin lẹ máa ṣí áàpù. Tó bá ṣí, i3 á wò ó bóyá òun ló ni ìsọ̀ náà, á sì fi í síbẹ̀. Gbólóhùn tí ẹ ò tíì sefù, i3 ò mọ̀ ọ́n.

Mi ò bá a wí fún ìyẹn; ọjà kì í bá èèyàn ṣọ́ ẹrù. Ẹ̀sùn mi ni pé fáìlì tó kọ kò ṣeé lò bó ṣe wà. Àmì // ló fi dí gbogbo ohun ìdánimọ̀ fèrèsé lẹ́nu, ẹni tó ń lò ó ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tú èyí tó fẹ́. Ìwé ìtọ́ni sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí kì í ṣe ọmọṣẹ́ kọ̀ǹpútà á kọsẹ̀ níbẹ̀. Èmi náà kọsẹ̀. Title ni mo yàn, ìyẹn àkọlé orí fèrèsé. Lọ́jọ́ kejì mo ṣí orí kejì ìwé mi, àkọlé yí padà, ìsọ̀ ṣófo, fèrèsé mi lọ jókòó síbòmíì. Class ló yẹ kí n yàn, tí kì í tìtorí fáìlì yí padà. Ṣebí ojú la fi ń mọ èèyàn, kì í ṣe aṣọ tó wọ̀ lónìí.

Síbẹ̀, fèrèsé ìwé méjèèjì ti mo ń lò, class kan náà ni wọ́n ń jẹ́. i3 ò mọ èwo ni ti òsì, àfi kí n máa ṣọ́ bí mo ṣe ń ṣí wọn tẹ̀ léra.

Ohun tó wù mí ni pé kí i3-save-tree bi wá ní ìbéèrè kan péré nígbà tó bá ń kọ fáìlì: kí la ó fi mọ fèrèsé yìí? Ìyẹn ì bá ti tó. Mo ṣì ń lò ó, torí ọ̀rọ̀ lásán ni fáìlì náà, mo lè kà á, mo lè tún un ṣe, mo lè gbé e sínú fláàṣì lọ sórí ẹ̀rọ míì.

Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sefù iṣẹ́ yín. Kí ni ìsọ̀ fẹ́ ṣe fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ ti sọnù?